Àga Kejì Nínú Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ọ̀rọ̀ yìí nírọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wà ní Ìsẹ́yìn títí di bí mo ṣe ń wí yìí, lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé àwọn ahunṣọ. Wọ́n da tapólì bò ó. Bí ẹ bá débẹ̀, Ìyá Ìbejì ni kí ẹ pe ìyá àgbà tó wà níwájú ilé. Yóò dá yín lóhùn. Tẹ́lẹ̀ rí, kò ní dáhùn.

Kẹ́hìndé Ọláyanjú ló ra ọkọ̀ náà. Ahunṣọ ni, ọmọ ahunṣọ, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tó ti jókòó sídìí òfì títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ asáré ṣe? Ohun tí Mọ́rìnọ́lá ìyàwó rẹ̀ bi í nìyẹn.

“Àga méjì péré? Ọmọ mẹ́ta la bí o! Ṣé orí òrùlé ọkọ̀ ni wọn yóò máa jókòó sí?”

“Mo ti ṣèlérí ni.”

“Fún ta?”

Kẹ́hìndé yí padà sídìí òfì rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá ò tún bi í mọ́. Ó mọ ẹni náà.

Táíwò ni. Nígbà tí àwọn ìbejì yìí wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n fa àwòrán ọkọ̀ kan ya kúrò nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì bàbá wọn. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fàyà fà. Wọ́n ní àwọn á ra irú rẹ̀. Ọ̀kan á máa wà á, èkejì á jókòó tì í, ẹnì kẹta ò sì ní bá wọn wọ̀ ọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ọkọ̀ akẹ́rù bàbá wọn gbókìtì lọ́nà Okaka, níbi tí wọ́n ti ń kó òwú bọ̀ láti Ṣakí. Apá Kẹ́hìndé kán. Táíwò ò délé.

A kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó rìnrìn àjò ni. Ohunkóhun tí a bá sì rà fún èyí tó wà nílé, a ó ra ti èkejì mọ́ ọn. Aṣọ méjì. Bàtà méjì. Ife méjì. Ìyá wọn kọ̀, kò ṣe é. Inú ló bí i. Ó ti gbọ́ pé Táíwò ló wakọ̀, pé eré àsápajúdé ló sá, pé díẹ̀ ló kù kó pa èkejì rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

“Mi ò ní í ra nǹkan kan fún un,” ni ìyá wí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè é ní Ìyá Ìbejì, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá Kẹ́hìndé ni kí wọ́n máa pe òun. Ọ̀kan ló ń rà. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko.

Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ̀ pé Táíwò kọ́ ló wakọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ìyá ti dúró lé Kẹ́hìndé lórí lọ́jọ́ náà, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. “Ta ló wakọ̀ nínú yín?” Ẹ̀rù ba Kẹ́hìndé. Ó ní Táíwò ni. Ó rò pé òun á sọ òtítọ́ lọ́la. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá di àgbà, tí iṣẹ́ òfì mówó wọlé, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá ti ra ọkọ̀ náà, òun ti san gbèsè tí òun jẹ Táíwò, ọkàn òun á sì balẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà, wọ́n lè ná mílíọ̀nù kí wọ́n má bàa sọ gbólóhùn kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ló dé ọgbà Ràmọ́nì, ẹni tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ṣakí. Eruku ti bo ojú ọ̀run. Kò sí ariwo níbì kankan, àfi páànù tó ń ké lókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí àpò bá ṣe tó lọkọ̀ ṣe ń tó,” ni Ràmọ́nì wí, ó ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó yọ. “Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún, pupa yẹn ni tirẹ̀. Kò ní wàhálà. Ẹni tó bá ní méjìlá, dúdú yìí ni. Ó ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ ó máa bọ́ mẹkáníìkì. Ẹni tó bá ní márùn-ún…” Ó nawọ́ sí búlúù arúgbó kan lẹ́yìn pátápátá. “Ìyẹn wà fún ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ìyà.”

“Méjìlá ni mo ní, Àlàájì.”

“Ẹ jókòó sínú gbogbo wọn. Jíjókòó ò gbowó.”

Kẹ́hìndé wọ inú pupa lákọ̀ọ́kọ́. Òun nìkan ni. Ikùn Ràmọ́nì ò gbà á láyè. Ó de bẹ́líìtì rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

Tín. Tín. Tín.

Iná pupa kékeré kan tàn níwájú rẹ̀.

“Bẹ́líìtì ni,” ni Ràmọ́nì wí láti ojú fèrèsé.

“Mo ti dè é.”

“Kì í ṣe tiyín. Ti àga kejì ni. Ṣé ẹ gbé báàgì síbẹ̀ ni?”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ó yà mí lẹ́nu o. Nǹkan kan wà lábẹ́ àga yẹn tó máa ń mọ̀ bí ènìyàn bá jókòó. Bí onítọ̀hún ò bá de bẹ́líìtì, á máa dún. Bí kò bá sí ènìyàn, kì í dún.” Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ nu àga náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ó gbóná,” ó ní. Ó rẹ́rìn-ín. “Oòrùn ni.”

Kò sí oòrùn. Abẹ́ páànù lọkọ̀ náà sì wà láti àárọ̀.

Wọ́n lọ sídìí dúdú. Kẹ́hìndé jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Tín. Tín. Tín.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná,” ni Ràmọ́nì wí. Òun fúnra rẹ̀ fún ara mọ́ inú ọkọ̀ náà, ó ń mí hẹlẹ. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ó jáde. Kẹ́hìndé padà wọlé. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ràmọ́nì ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ bá wá láti Ìsẹ́yìn?”

“Èmi nìkan ni mo wá.”

Ràmọ́nì yọjú wo ẹ̀yìn Kẹ́hìndé.

“Búlúù yẹn ńkọ́?” ni Kẹ́hìndé bi í. “Ṣé òun náà máa ń dún?”

“Kò lè dún. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni. Wọn ò fi nǹkan tó ń dún sínú rẹ̀ rárá.”

“Mo rà á.”

“Ẹ ò tíì gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.”

“Mo ní mo rà á, Àlàájì.”

Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin tó gbé mílíọ̀nù méjìlá wá láti ra dúdú, arúgbó ló wá rà. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń rà. Ràmọ́nì pàápàá, tí kì í dín kọ́bọ̀, dín owó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ń kí Kẹ́hìndé pé ó dìgbà, àga kejì ló tẹjú mọ́.

Ọ̀nà dákẹ́. Ọkọ̀ náà dákẹ́. Kẹ́hìndé kọjá Àgọ́-Àrẹ, ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Koríko ti gbẹ lọ́tùn-ún lósì. Eruku ọyẹ́ ò jẹ́ kó rí jìnnà. Ó mọ ibi tí ọ̀nà ti wọ́ lẹ́bàá Okaka, níbi tí igi òrí kan wà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni kò fi wo igi náà. Lọ́jọ́ náà ó wò ó.

Tín.

Ó tẹ bíréèkì. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó dì í mọ́wọ́.

Tín. Tín.

Iná kankan ò tàn níwájú rẹ̀. Ìró náà ò wá láti iwájú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń wá, níbi tí etí ènìyàn ìbá wà bí ènìyàn bá jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn. Lọ́jọ́ yẹn, Táíwò ti nawọ́ mú bẹ́líìtì. Òun Kẹ́hìndé ló rẹ́rìn-ín, tó ní, “Fi í sílẹ̀ jàre. A ti fẹ́ẹ̀ délé.” Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹ̀dá alààyè kankan rí.

Ó nawọ́. Ó fa bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá lórí àga òfìfo náà, ó kì í bọ ihò rẹ̀.

Ká.

Gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́.

Ó wo bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò lẹ̀ mọ́ àga. Ó fi bí ìbú ọwọ́ méjì jìnnà sí i, ó le, kò rọ̀. Ó ń wú síwájú. Ó ń padà. Ó tún ń wú síwájú. Jẹ́jẹ́.

“Táíwò?” ni Kẹ́hìndé wí.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ koríko. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó wakọ̀ lọ, kò sì yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ náà mọ́ títí ó fi dé Ìsẹ́yìn. Ó rọra wà á. Kò tíì rọra wakọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ó délé kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbì. Ìyá jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ìyá tí kì í bìkítà fún ọkọ̀, ó gbórí sókè. Ó wo ojú fèrèsé níbi tí Kẹ́hìndé wà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

“Ta ló wakọ̀ nínú yín?” ni ìyá wí.

Kẹ́hìndé lè ní, “Ìyá, èmi nìkan ni mo dé.” Irọ́ ti mọ́ ọn lára, kò ní í ṣòro. Ó gbọ́ bí nǹkan kan ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

“Èmi ni, Ìyá. Èmi ni mo wà á. Lọ́jọ́ yẹn náà, èmi ni. Táíwò fẹ́ de bẹ́líìtì, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni.”

Ká.

Bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ kejì tú. Kò já padà wàìwàì bí bẹ́líìtì ṣe ń já padà. Ó rọra lọ sí àyè rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ sìn ín lọ.

Ọwọ́ ìyá ti dúró nínú ẹ̀wà. Kò bú Kẹ́hìndé. Ìbá sàn kó bú u.

“Ọdún mẹ́tàlélógún,” ni ìyá wí. “Ọ̀kan ni mo ń rà.”

Ó gbé àtẹ kalẹ̀, ó dìde, ó wọlé. Kẹ́hìndé jáde nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó rò pé ó parí nìyẹn, pé ìyá ò ní í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ìyá padà jáde. Ó bu omi wá. Ife méjì.

Ó gbé ọ̀kan lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́, kò wò ó lójú. Ó gba iwájú ọkọ̀ kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Fèrèsé ibẹ̀ ti wà ní ṣíṣí. Ta ló ṣí i, n ò mọ̀. Ìyá na ife kejì wọlé.

“Gbà, ọmọ mi,” ó ní. “Má bínú sí mi.”

Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, kò sí ife lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Kẹ́hìndé dúró kó gbọ́ ìró ife tó ń já bọ́. Wọ́n pe ìrun, wọ́n kí i tán, ilẹ̀ ṣú. Kò gbọ́ ọ.