Yàrá Onífèrèsé Mẹ́ta

Kó, kó, kó. Ṣíbí kékeré lára ife onígíláàsì, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Títí di òní yìí tí irun orí kàfíńtà ti di òwú, tí òkè àti odò sì ti wà láàárín òun àti ìlú tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ìró yẹn, bí ṣíbí bá ti kan ife nítòsí rẹ̀, ojú rẹ̀ á pa dé fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá àgbà tún ti lọ!" Ẹnìkan wà nínú ilé náà tó mọ ibi tó ń lọ, ó sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kan ife náà ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí, tó wá funfun láti ibẹ̀ dókè. Oṣù méjì ṣáájú, pákó ńlá kan já láti òkè lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lẹ́ẹ̀mejì, eegun sì ti jinná. Ṣùgbọ́n ìka kọ̀, wọn ò ká, wọn ò nà.

"Eegun ti ṣe tiẹ̀," dókítà wí. "Ẹ̀rù ló kù nínú ọwọ́ yìí."

Kàfíńtà tí kò lè di ìfági mú, kí ni wọ́n ń pè é? Ìbéèrè yẹn ló ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí. Ó kọjú sí ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àfi ìgbà tí ṣíbí dún. Ó yíjú padà. Obìnrin kan dúró sáàárín wọ́ọ̀dù, aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ sánmà, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ, ife lọ́wọ́ òsì, ṣíbí lọ́wọ́ ọ̀tún. Oòrùn àárọ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, ó la inú ife náà kọjá, ó sì kán ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan sí àgbọ̀n rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ dà bí iṣẹ́ igi tó dára: bí o bá ṣe ń sún mọ́ ọn tó ni wàá ṣe máa rí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin alágbára mi."

"Alágbára tí ò lè dìde tọ̀!" Awakọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ló dáhùn, ẹni tí wọ́n ti fi báńdéèjì líle di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí òpó ilé. Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. "Tíṣà Èémí, ẹ bá wa kí àlejò yìí. Láti ìjọ́ tó ti dé, ògiri ló ń bá ṣọ̀rẹ́."

"Ògiri náà ń fẹ́ ọ̀rẹ́," obìnrin náà wí, ó sì wo kàfíńtà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Tíṣà Èémí ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn tí eegun wọn ti jinná bí wọn yóò ṣe tún máa lo ẹsẹ̀ àti apá wọn. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ kan ife, yóò ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n mí sínú fún ìwọ̀n ìgbà tí òun bá fi ka mẹ́rin, kí wọ́n mí sóde kí òun fi ka mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí kálukú fi ojú inú rìn lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀.

"Kì í ṣe oògùn o," ó máa ń wí fún wọn. "Ẹ lo oògùn yín. Àga lèyí, tí a gbé fún ara kó lè jókòó gba oògùn."

Kí ó tó ka mẹ́fà tán, awakọ̀ ti ń hanrun.

Ó dé bẹ́ẹ̀dì kẹrin. "Ọ̀gá Kàfíńtà, níbo lẹ wà báyìí?"

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí níbìkankan. Bí ó bá ti di ojú, pákó yẹn nìkan ló ń rí, tó ń já bọ̀ láti òkè, tó ń já bọ̀ ṣáá. Ṣùgbọ́n báwo ni géńdé ọkùnrin ṣe máa wí fún obìnrin tí ìmọ́lẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀ pé òun ń bẹ̀rù inú ojú ara òun?

"Inú yàrá kan ni," ó wí.

"Yàrá báwo?"

"Ó ní fèrèsé mẹ́ta."

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá ìyá mi."

Irọ́ pátápátá. Yàrá ìyá ìyá rẹ̀ ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Obìnrin náà fa àpótí ìjókòó, ó jókòó tì í. "Ẹ jẹ́ ká jọ wọ̀ ọ́. Kí lẹ rí lápá òsì?"

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Tíṣà Èémí ń bèèrè, lójoojúmọ́ ni kàfíńtà ń dáhùn. Oníṣẹ́ ọwọ́ ò lè kọ́lé wọ́gọwọ̀gọ, ì báà jẹ́ ilé irọ́. Ó wọn gíga ògiri. Ó to pákó pupa sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fá a, ó dán an. Ó gbé àga kan tí apá rẹ̀ kò ga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé láàárọ̀. Ó ní igi ẹsẹ̀ fèrèsé kejì ti sán ní igun, pé alángbá kan máa ń yọrí láti ibẹ̀ láràárọ̀, á máa mi orí.

"Ṣé ó ń kí yín ni?"

"Ó ń gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ni."

Ẹ̀rín tí obìnrin náà rín lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọ́ọ̀dù ló jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ó gbé ọwọ́ kàfíńtà lé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ mí sínú. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yín ṣí fèrèsé kẹta fún mi. Ó le díẹ̀, àbí? Ẹ rọra. Ẹ fà á."

Àtàǹpàkò kọ́kọ́ gbọ̀n. Ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ká díẹ̀, bí ewé tí oòrùn pa. Kò sí ẹni tó mí nínú àwọn méjèèjì.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ gbà mí o!" awakọ̀ figbe ta. "Kàfíńtà ń ká ìka, èmi oorun lásán ni mò ń rí mú lọlé!"

Nígbà tí wọ́n dá kàfíńtà sílẹ̀, ó ń padà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú ọwọ́. Lẹ́yìn ìtọ́jú, á dúró de Tíṣà Èémí lẹ́nu géètì, wọn á jọ rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Ọ̀nà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ "ẹ" yọ́ kúrò láàárín wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e.

"Bí mo bá di ojú báyìí, ṣé o mọ ohun tí mò ń rí?" kàfíńtà wí lọ́jọ́ kan.

"Alángbá."

"Alángbá tó wọ aṣọ aláwọ̀ sánmà."

Ó fi tówẹ́ẹ̀lì tó wà léjìká rẹ̀ gbá a lápá. "Ọkùnrin tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe olólùfẹ́ rẹ̀ ní alángbá!"

"Olólùfẹ́ ta ni?" kàfíńtà bi í kíá. Obìnrin náà wo ojú ọ̀nà, ó wo bàtà rẹ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì kọjá lọ lójú wọn.

Ní ọ̀kan nínú ìrìn wọ̀nyẹn ni Tíṣà Èémí sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un. Aránṣọ ni. Láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, kò jókòó tì í mọ́, kì í sì í sùn. "Gbogbo ibi tí mo bá ní kó fi ojú inú lọ, bàbá mi ti débẹ̀ rí. Bó bá ti dé ibẹ̀, àìsí wọn ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ibi tí bàbá mi ò dé rí ni mò ń wá fún un." Ó di ọwọ́ tó ti jinná yẹn mú. "Má bínú, mi ò tọrọ àṣẹ. Mo ti yá a ní yàrá ìyá ìyá ẹ."

Ó yẹ kí kàfíńtà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ojú obìnrin náà ń dán; ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa irú iná bẹ́ẹ̀?

Màmá Aránṣọ wọ yàrá náà, ó sì sùn. Oṣù kan kọjá, ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹta, ó rán ẹ̀wù kan fún ẹni tó ni yàrá, kò wọn ara rẹ̀, ojú inú ni ó fi wọ̀n ọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú un wá kó wá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀wù bá a mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Wọ́n wà ní pálọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá ògiri, òwú oríṣiríṣi lórí rẹ̀.

"Kí n má parọ́ fún ọ," Màmá wí. "Nígbà tí ọmọ mi ní kàfíńtà ni, mo ní hà! Ọmọ tí mo fi abẹ́rẹ́ rán lọ sí yunifásítì! Ṣùgbọ́n ẹni tó ti inú irú yàrá yẹn jáde wá, kò lè jẹ́ ọmọ burúkú. Mo fọwọ́ sí i, ẹ fẹ́ ara yín. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Ẹ mú mi débẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Mo fẹ́ fọwọ́ kan fèrèsé yẹn."

Kàfíńtà wo obìnrin tí oorun ti padà sójú rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tó gbé àwo ife omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ayọ̀ lójú rẹ̀. Yóò rọrùn láti ní ilé náà ti wó. Irọ́ kejì náà ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó dá a padà.

"Màmá, kò sí yàrá."

"Kí lo wí?"

"Kò fìgbà kan sí. Ẹnu ni mo fi kàn án."

Ife kan ṣubú nínú àwo, kò fọ́. Ní ìta ni Tíṣà Èémí ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"O di ojú, o sì parọ́ fún mi. Mi ò ní ohunkóhun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí ju pé kí èèyàn sọ òtítọ́ fún mi nígbà tó bá di ojú. Mo gbé irọ́ ẹ fún ìyá mi mu bí omi."

"Ọkàn mi, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ọwọ́ ẹ ti yá. Kò sí ohun tí a tún ń wá lọ́dọ̀ ara wa. Má wá sílé wa mọ́."

Kàfíńtà lọ. Ó gbìyànjú láti kọ̀wé sí i. Ó fa márùn-ún ya. "Má bínú" kéré lórí ìwé, bí ìṣó kan ṣoṣo lára ilẹ̀kùn ńlá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án gangan, Màmá Aránṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù kàfíńtà pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́. Ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

"Ẹ̀wù mi dà?"

"Ó wà nínú àpótí, mà. Kò tọ́ sí mi."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó tọ́? Èmi ni mo rán an." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. "Ìwọ lo ní yàrá yẹn ò sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Níbo wá ni mo ti ń jókòó láti oṣù mẹ́ta?"

Kàfíńtà gbé ìfági tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo sunkún nínú yàrá yẹn títí omijé fi tán, alángbá yẹn ló ń wò mí. Ọkọ mi ò débẹ̀ rí, kò sì lè kú mọ́ mi lójú níbẹ̀. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé kò sí? Irọ́ tí o pa ni pé o ní ó ti wà. Kò tíì wà ni. Ṣé o gbọ́ mi? Kò tíì wà. Kí lo wá ń fi ọwọ́ tí ọmọ mi wò sàn yẹn ṣe?"

"Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi, mà?"

"Ó ń bínú gan-an. Ó sì ń dá jókòó sí ilé ìdáná, ó ń kan ife láìsí aláìsàn kankan níbẹ̀. Èmi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o. Aránṣọ ni mí." Ó ṣí agbòòrùn rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá náà, lórí ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí ọwọ́ bá ti ń ro ó, á jókòó, á fi pẹ́ńsù kan agolo ìṣó lẹ́ẹ̀mẹta, á mí sínú mẹ́rin, á mí sóde mẹ́fà. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé pákó yẹn kò já bọ̀ mọ́. Bó bá di ojú, yàrá ló ń rí, ó sì ń rí èyí tó kàn láti ṣe.

Oṣù méje ló fi ṣe é. Awakọ̀ tó ti ń fi ọ̀pá rìn ló fi ọkọ̀ ru gíláàsì fèrèsé wá. "Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì sí i fún mi," ó wí. "Ó ṣe tán, èmi ni mo sùn jù nínú ẹ̀kọ́ yẹn." Nígbà tí iṣẹ́ parí, fèrèsé kejì gún régé. Kàfíńtà wò ó títí, ó mú òòlù, ó sì sán igun rẹ̀.

Alángbá nìkan ni ọwọ́ ò lè kàn. Ó dúró dè é ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, orí kékeré kan yọ láti inú igi tó sán, ó mì lẹ́ẹ̀mejì.

Kàfíńtà fá pákó fẹ́lẹ́ kan títí ó fi ń dán. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú pẹ́ńsù. Lẹ́tà rẹ̀ ń tẹ̀ síbí, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ṣe é kà. Ó fi rán awakọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èsì, kó bi ìyá àgbà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ kan ife létí arúgbó kan láràárọ̀, ọdún gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó kọ sára pákó náà nìyí:

"Tíṣà mi, nígbà tí o ní kí n di ojú, pákó tó já lù mí nìkan ni mò ń rí. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí láti sọ ọ́. Òtítọ́ nìyí, mo la ojú mi sílẹ̀ kọ ọ́: fèrèsé mẹ́ta ló wà, èkejì ti sán, alángbá ti dé. Mo kan àga mẹ́ta. Ọ̀kan ti Màmá, ọ̀kan tèmi. Bí o bá lè fẹ́ ẹni tó parọ́ kan tí kò sì ní pa èkejì, ẹ̀kẹta ṣófo. Mú ife àti ṣíbí rẹ bọ̀."