Gìtá Tó Ń Dín Ẹja

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, Ìyá Àgbà kú.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Òjò kò rọ̀. Òkun ń hó bó ṣe máa ń hó.

Túnmiṣe ni ọmọ-ọmọ wọn. Ọmọ ọdún méje ni. Òun àti Bàbá Àgbà ló ń gbé ní etí òkun Àgbádárìgì, nínú ilé kan tó ní géètì aláwọ̀ ewé.

Ológbò kan wà nínú ilé náà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni orúkọ rẹ̀. Kò sí àpò tó wọlé tí kì í yẹ̀ wò.

Gìtá kan náà wà níbẹ̀. Gìtá oníná ni. Ó pupa bí ata. Ìyá Àgbà ló ni ín.

Ìyá Àgbà a máa ta gìtá náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á fi wáyà dúdú so ó mọ́ sípíkà. Wọ́n á bọ́ bàtà wọn. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà fi orí ara wọn ṣe orin kan. Wọ́n kọ́ Túnmiṣe. Ibi mẹ́ta péré ni ìka ń tẹ̀ nínú orin náà.

Ibí. Ibẹ̀. Ọ̀hún.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Túnmiṣe ni yóò ta orin Ìyá Àgbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó gbé gìtá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ orin. Ó ki wáyà bọ ihò gìtá. Ó ki ìdí kejì bọ sípíkà. Ó tẹ ibí.

Ṣìììì. Kàrà-kàrà. Ṣìììì.

Ó tẹ ibẹ̀.

Ṣìììì. Kàrà-kàrà. Ṣìììì.

Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá ni olórí akọrin. Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sókè. Wọ́n fi imú wá òórùn kiri.

"Túnmiṣe," ni wọ́n wí, "orin la wá kọ. A ò wá dín ẹja."

Gbogbo àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì.

"Bó bá ṣì ń dín ẹja di ọjọ́ Ìsinmi," ni Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá wí, "wàá bá àwọn yòókù pàtẹ́wọ́."

Túnmiṣe kò fẹ́ pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí kò lè pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n orin Ìyá Àgbà, òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Túnmiṣe ti ilé ìwé dé. Ó sọ fún Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, "Gbé e wá."

Túnmiṣe gbé e wá. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Ṣìììì. Kàrà-kàrà. Ṣìììì.

Kọ́sítọ́ọ̀mù sáré wọlé. Ó jókòó síwájú sípíkà. Ó lá ẹnu rẹ̀. Ó ń retí ẹja.

"Kì í ṣe ẹja," ni Túnmiṣe sọ fún un.

Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà á gbọ́.

Ohùn kan dún láti ẹ̀yìn ọgbà. Ìyá Suwebat ni, aládùúgbò wọn.

"Bàbá, ẹja kí lẹ ń dín lọ́sàn-án yìí?"

"Kì í ṣe ẹja," ni Bàbá Àgbà dáhùn. "Gìtá ni."

"Ẹ máa tàn mí. Ṣé mi ò ní etí ni?"

Kò pẹ́, Ìyá Suwebat gba ẹnu géètì wọlé. Wọ́n gbé àwo ẹ̀bà dání. Wọ́n jókòó ti Kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn méjèèjì wá ń wo sípíkà.

Bàbá Àgbà gbọn wáyà.

Ṣìììì.

Bàbá Àgbà fẹ́ atẹ́gùn sí ihò gìtá. Fùùù.

Ṣìììì.

Bàbá Àgbà gbé sípíkà kúrò níbi fèrèsé. Kọ́sítọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e. Ìyá Suwebat tẹ̀ lé e.

Ṣìììì.

Bàbá Àgbà na ọwọ́. Wọ́n gbá sípíkà létí. Pàá.

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Bàbá Àgbà ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Mo ti tún un ṣe," ni wọ́n wí.

Ìyá Suwebat gbójú sókè. Fáànù ń rọra dúró. Gọ̀lọ̀. Gọ̀lọ̀. Gọ̀... lọ̀.

"Bàbá," ni Ìyá Suwebat wí, "wọ́n ti mú iná lọ ni."

Bàbá Àgbà wo fáànù.

Nígbà tó yá, iná dé.

Ṣìììì. Kàrà-kàrà. Ṣìììì.

Ìyá Suwebat dìde. "Ẹ̀bà mi ti tutù," ni wọ́n wí. "Bí ẹja yín bá jinná, kẹ́ ẹ pè mí."

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Ó ku ọjọ́ kan péré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ òróró ní ilé Bàbá Àgbà.

Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun. Iyọ̀ a máa jẹ irin. Nítorí náà, Bàbá Àgbà a máa fi òróró àgbọn ra gbogbo irin inú ilé, kí ó má baà dípẹtà.

Wọ́n fi òróró ra géètì. Wọ́n fi òróró ra àgádágodo. Wọ́n fi òróró ra kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n fi òróró ra àlùmọ́gàjí. Wọ́n fi òróró ra etí gíláàsì ojú wọn, gíláàsì náà sì ń yọ̀ bọ́ lójú wọn.

Kọ́sítọ́ọ̀mù gun orí àga lọ. Kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ fara wewu ní ọjọ́ òróró.

Túnmiṣe dùbúlẹ̀ síwájú gìtá. Ó fi àyà lélẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n. Ó ń ronú.

Ó rí èèrà kan.

Èèrà mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n tò wá láti fèrèsé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Wọ́n gba orí ẹní kọjá. Wọ́n gun gìtá. Wọ́n sì wọ inú ihò tí wáyà ń gbà wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí ni èèrà ń wá nínú gìtá?" ni Túnmiṣe bi ara rẹ̀.

Ó mú ìdí wáyà. Ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Òróró àgbọn ni.

Túnmiṣe wo Bàbá Àgbà. Ìgò òróró wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Àgbà wo àjà.

"Bàbá Àgbà, ṣé ẹ fi òróró sínú gìtá?"

Kọ́sítọ́ọ̀mù náà yíjú wo Bàbá Àgbà.

"Díẹ̀ ni," ni Bàbá Àgbà wí.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù Ẹrẹ́nà."

Bàbá Àgbà jókòó. Wọ́n gbé ìgò òróró kalẹ̀.

"Ìyá Àgbà rẹ kò jẹ́ kí n fi òróró kàn án rí," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ti gbé ìgò, á ní, 'Bàbá Obadiah, ó tó.' Nígbà tó lọ, kò sí ẹni tó ní ó tó mọ́."

Wọ́n fi ìka nu ẹnu ìgò náà.

"Mi ò fẹ́ kó dípẹtà."

Túnmiṣe dìde. Ó gba ìgò òróró. Ó dé e.

"Bàbá Àgbà," ni ó wí, "ó tó."

Bàbá Àgbà gbé kẹ̀kẹ́. Túnmiṣe gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn. Kọ́sítọ́ọ̀mù wọ inú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́. Wọ́n lọ sí Gbaji.

Kẹ̀kẹ́ náà kò dún rárá. Òróró ti pọ̀ lára rẹ̀.

Àǹtí Sewanu ń tún rédíò àti sípíkà ṣe lẹ́bàá títì ní Gbaji. Wọ́n mú sukudiráfà. Wọ́n tú ìdí gìtá. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀.

Wọ́n rí òróró. Wọ́n rí iyanrìn. Wọ́n rí èèrà, tọkọtaya àti ọmọ.

"Bàbá," ni Àǹtí Sewanu wí, "ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

Bàbá Àgbà wo títì.

"Ẹ wò ó," ni Àǹtí Sewanu wí. "Ibi tí irin wáyà bá ti kan irin gìtá ni ohùn ń gbà kọjá. Òróró yín ti mú iyanrìn. Iyanrìn wá dí ohùn lọ́nà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ta pàrà."

Wọ́n rẹ òwú sínú sípírítì. Wọ́n nà án sí Túnmiṣe.

"Ìwọ ni kó o nù ún. Ìka tèmi tóbi ju ihò yìí lọ."

Túnmiṣe nù ún. Nù, nù, nù. Òwú náà dúdú.

Ó mú òwú mìíràn. Nù, nù, nù. Òwú náà pọ́n bí iyanrìn.

Ó mú òwú mìíràn. Nù, nù, nù. Òwú náà funfun.

Èèrà ń kó jáde. Ọ̀kan gbé ẹyin rẹ̀ lérí. Inú rẹ̀ kò dùn.

Túnmiṣe yí bọ́tìnnì gìtá sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì. Sọ́tùn-ún, sósì, ní ìgbà ogún, kí iyanrìn abẹ́ rẹ̀ lè kúrò. Lẹ́yìn náà, Àǹtí Sewanu yí irin tó di ihò náà mú kí ó le dáadáa.

"Dàgbè," ni Àǹtí Sewanu wí. Ẹ̀gùn ni wọ́n fi sọ pé ó dára.

Túnmiṣe fi wáyà so ó mọ́ sípíkà Àǹtí Sewanu.

Kò sí ṣìììì. Kò sí kàrà-kàrà.

Kọ́sítọ́ọ̀mù wo sípíkà. Ó wo Túnmiṣe. Ó dàbí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n ohùn kékeré kan ṣì wà níbẹ̀.

Hùùùn.

"Ó ṣì kù," ni Bàbá Àgbà wí.

"Gbé ọwọ́ lé okùn rẹ̀," ni Àǹtí Sewanu sọ fún Túnmiṣe.

Túnmiṣe gbé ọwọ́ lé e. Ó dákẹ́.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Hùùùn.

Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó dákẹ́.

"Ọ̀pọ̀ gìtá oníná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Sewanu wí. "Bí kò bá sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, á máa kùn. Bí ọwọ́ bá ti bà á, á dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn."

Bàbá Àgbà sún mọ́ ọn. Wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn lé e.

Ó dákẹ́.

Bàbá Àgbà fi ọwọ́ wọn síbẹ̀. Mọ́tò mẹ́ta kọjá lójú títì. Ọwọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá," ni Àǹtí Sewanu wí, "mo fẹ́ lọ jẹun o."

Bàbá Àgbà mú ọwọ́ wọn kúrò. "Kí ni ká fún ọ?"

"Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní fi òróró sí i mọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbọ́, Bàbá. Mo ní kẹ́ ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí," ni Bàbá Àgbà wí.

Ọjọ́ Ìsinmi dé.

Túnmiṣe dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Gìtá náà tóbi jù ú lọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá fi imú wá òórùn ẹja. Kò sí òórùn.

Hùùùn, ni gìtá wí.

Túnmiṣe gbé ọwọ́ lé e. Ó dákẹ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀.

Ibí. Ibẹ̀. Ọ̀hún.

Ibí. Ibẹ̀. Ọ̀hún.

Ohùn náà mọ́ bí omi inú àgbọn. Ó jáde gba ojú fèrèsé. Ó lọ bá òkun.

Nígbà tó parí, Túnmiṣe kò pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù ló pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá ló pàtẹ́wọ́ jù.

Bàbá Àgbà yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n nù ún. Wọ́n tún nù ún.

"Òróró ni," ni wọ́n wí.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá Àgbà gbé epo kaná. Wọ́n dín ẹja. Ẹja gidi.

Ṣìììì. Kàrà-kàrà. Ṣìììì.

Túnmiṣe dúró lẹ́bàá ọgbà. "Ìyá Suwebat, ẹ wá jẹ ẹja."

"Gìtá yín nìyẹn," ni Ìyá Suwebat dáhùn láti ẹ̀yìn ọgbà. "Ẹ ò lè rí mi mú lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹja ni, mà."

"Mo ti mọ̀ yín."

Túnmiṣe gbé ẹja ńlá kan sínú àwo. Ó nà án kọjá lórí ọgbà.

Ọwọ́ kan gba àwo náà láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ẹ dúró kí n ro ẹ̀bà," ni Ìyá Suwebat wí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Àgbà fọ ọwọ́ wọn. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí òróró má baà kù. Wọ́n jókòó ti gìtá.

"Túnmiṣe," ni wọ́n wí, "níbo ni ìka ń tẹ̀?"

Túnmiṣe mú ìka Bàbá Àgbà. Ó gbé e lé okùn.

"Ibí," ni ó wí. "Lẹ́yìn náà, ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀hún."

Àwọn nǹkan tí Ìyá Àgbà fi sílẹ̀ nìyí:

Gìtá pupa kan.

Wáyà dúdú kan.

Bàtà méjì, tí wọ́n máa ń bọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Èèrà kan, tó kọ̀ tí kò jáde.

Ológbò kan, tó ṣì ń jókòó síwájú sípíkà.

Orin kan. Ènìyàn méjì ló mọ̀ ọ́n báyìí.

Túnmiṣe.

Bàbá Àgbà.