Kóòtù Alápá Mẹ́ta

Ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ló já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó na fóònù sí aránṣọ lójú.

"Aṣọ ta nìyí?"

Aránṣọ wo àwòrán inú fóònù náà. Aṣọ ìyàwó tó yà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn, ló ń dán nínú fèrèsé Ẹlẹ́nu-Oyin, télọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Bọ́tìnnì méjìlélógún ẹ̀yìn rẹ̀ pé síbẹ̀.

"Mi ò fi han ẹnì kankan, àbúrò."

"Àbí ó fẹsẹ̀ rìn lọ ni?" Ó bínú jáde.

Aránṣọ ké sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Orí ìkànnì ẹgbẹ́ aránṣọ ni aránṣọ ń kó àwọn àwòrán aṣọ rẹ̀ sí, nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun nìkan mọ̀. Ọmọ náà tú gbogbo rẹ̀ wò, ó bá ìkíni Ẹlẹ́nu-Oyin lójú ewé tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kà: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi." Àmì wúruwùru tẹ̀ lé e.

"Àǹtí, ẹ̀ṣọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún olè."

"Ẹ̀ṣọ́ wo?"

"Èyí tó wà nínú bùráúsà tí ẹ fi ń wo ìkànnì. Tó bá rí àṣẹ ìkà nínú ọ̀rọ̀, á gé e. Ohun tí ọkùnrin yìí kọ kò lè pa eṣinṣin, àmọ́ ó mọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ máa gé. Bó ṣe gé e tán, èyí tó ṣẹ́ kù di àṣẹ. Ẹ kàn ka ìkíni ni, bùráúsà yín gbé kọ́kọ́rọ́ yín fún un."

"Mo mà tún dá a lóhùn pé a dúpẹ́!"

Ọlọ́pàá obìnrin tí wọ́n lọ bá ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ni aránṣọ bá ya kóòtù alápá mẹ́ta, ìkẹta wà láàárín ẹ̀yìn, ó fi pa mọ́ sínú yàrá rẹ̀ lórí ìkànnì.

"Ta ló máa rán pálapàla yìí?"

"Àǹtí, olè kì í bi ẹrù léèrè."

Lọ́jọ́ kẹta, Ẹlẹ́nu-Oyin ti rán kóòtù náà, ó wọ̀ ọ́ dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń jùpá. Ọlọ́pàá wọlé bí oníbàárà, aránṣọ àti ọmọ náà tẹ̀ lé e.

"Kóòtù yìí gbayì o. Ta ló yà á?"

"Èmi ni. Ojú oorun ni mo ti rí i."

"Ọwọ́ wo ló ń wọ apá ẹ̀yìn?"

"Ó… ọ̀ṣọ́ ni."

"Ó dáa. Ọlọ́pàá ni mí."

Ẹlẹ́nu-Oyin fò fẹ̀rẹ̀, ó dorí kọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ ti jáde tán nígbà tí apá kẹta kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó fà, ó fà, kò já: ọ̀gá ni nídìí abẹ́rẹ́.

"Ẹ tú mi sílẹ̀, mo máa sọ!"

Ó jẹ́wọ́ àwòrán aránṣọ mọ́kànlá. Wọ́n pa ìkíni rẹ̀ rẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì gba bùráúsà tuntun tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá rí àṣẹ ìkà, odindi ojú ewé ló ń tì pa.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì, ìyàwó tó ti gbọ́ pé ọwọ́ tẹ olè wá wọ aṣọ tí aránṣọ rán fún un wò. Ó wo dígí, omi lé sí i lójú, ó sì kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló yá ju ọgbọ́n mi lọ."

Aránṣọ rọra yọ píìnì tó há sẹ́nu.

"Mo ti gbọ́. Dìde jàre, o ti ń rún aṣọ mi."