Fèrèsé Àdín Àgbọn

"Jọkẹ́, kí ni mo lè fi sáàárín gíláàsì méjì tí yóò dí oòrùn?"

Adédoyin ló ń bi mí, kò tilẹ̀ tijú! Inú ìwé mi ló ti jí èrò fèrèsé náà kọ. Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa, ló sọ fún wa pé àwọn òyìnbó ń wá nǹkan fẹ́lẹ́ kan tí wọn yóò fi bo gíláàsì, tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti mú, yóò sé ooru mọ́ ìta fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ronú irú rẹ̀ fún kíláàsì wa tó ń gbóná bí ààrò. Adédoyin ni olùkọ́ wá yàn pé kó fi í han ọ̀gá ṣọ́jà tí ìjọba ológun fẹ́ rán wá yẹ ilé-ìwé wa wò ní Àgbádárìgì. Mo lè fẹjọ́ sun olùkọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré lójú mi. Ìtìjú gbangba ni mo fẹ́ fún un.

"Àdín àgbọn ni," mo dá a lóhùn. "Wo bó ṣe funfun nínú ìgò láàárọ̀ yìí. Oòrùn ò lè gbà á kọjá. Má sọ fẹ́nikẹ́ni o, kí wọ́n má baà jí i."

Ọyẹ́ ló mú un dì. Ọmọ Èkìtì ni Adédoyin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Àwa tí ìyá wa ń ta àdín ní ọjà Agbalata mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti gbóná, yíyọ́ ni yóò yọ́, tí yóò mọ́ gaara bí omi. Inú mi dùn débi pé mo bá a fi ṣíbí bù ú sáàárín gíláàsì méjèèjì.

Láàárọ̀ kan náà, tí ọ̀gá ṣọ́jà ń bọ̀, fèrèsé funfun báláú. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ọ̀gá ṣọ́jà tó dé. Àdín ti yọ́ tán, oòrùn ń wọlé fàlàlà, àdín sì ń kán sórí bàtà ọ̀gá.

"Ta ni olùkọ́ wọn?" ó jágbe.

"Èmi ni, sà," ni Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì wí.

"Ìwọ lò ń kọ́ wọn ní ìranù yìí? Ó yá, máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́!"

Olùkọ́ wa, ẹni àádọ́ta ọdún, di etí mú, ó ń fò nínú oòrùn lójú gbogbo wa. Adédoyin bú sẹ́kún. Èmi ò lè sunkún.

Nígbà tí ṣọ́jà lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú olùkọ́ wa. "Ẹ dárí jì mí, sà. Mo mọ̀ pé yóò yọ́. Adédoyin jí iṣẹ́ mi, mo fẹ́ kí ojú tì í ni."

Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi ni, Jọkẹ́, ìwọ ni ǹ bá yàn."

Ì bá sàn kó nà mí. Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da eérú, ojú olùkọ́ mi ló bọ́ sí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ fẹjọ́ sun àgbà. Ẹ̀san kì í mọ ilé ẹni tí a rán an sí.