Páńpẹ́ Òtútù Tó Gbẹ

"Květa, ṣé o ti bu omi sí páńpẹ́?" Ikọ́ gba ìyókù ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Bàbá Bohumír.

"Mo máa bù ú, Bàbá. Ẹ máa lọ sinmi nílé."

Àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí ló to ẹ̀rọ ńlá náà jọ ní yàrá ìwádìí wọn ní Prague. Inú rẹ̀ ni hílíọ́ọ̀mù, gáàsì inú bàlúùnù, ti tutù títí ó fi di omi tó ń ṣàn láìsí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Bí wọ́n bá rú u, ààjà tíntìntín á máa jà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Níbo wá ni agbára ààjà náà ń gbà lọ? Bàbá fẹ́ rí ìdáhùn kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó pa á. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò wọ̀n ọ́n.

Květa, ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ń bu náítírójìn olómi, tí wọ́n kàn ń pè ní omi, tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, sí páńpẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ mú kó má baà wọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ. Bí páńpẹ́ bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ ọ̀pá náà, á dì gbagidi síbẹ̀.

Bí Bàbá ti jáde ni Radim, ọ̀rẹ́ Květa, yọjú, ó fi bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín kọ́rùn. "Adágún ti dì! Àbí ẹ̀rọ yìí lo máa fẹ́ ni?"

"Jẹ́ kí n bu omi sí..."

"Ṣebí ó ṣì kù nínú rẹ̀? Ìyá àgbà, jẹ́ ká lọ jàre!" Radim fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Květa yọjú wò ó. Lóòótọ́, ó kù díẹ̀. Ó bá a lọ.

Nígbà tó fi padà, páńpẹ́ ti gbẹ táútáú, ọ̀pá ti dí.

"Mi ò bù ú, Bàbá," ló wí láàárọ̀, omijé lójú. "Orí yìnyín ni mo lọ yọ̀."

Bàbá kò jágbe. "Àfi ká jẹ́ kó gbóná, ká tún mú kó tutù."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Yóò pẹ́ jù mí lọ, ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ti sin ín kí ẹ̀rọ tó tutù padà. Květa ló wọ̀n ọ́n: ààjà ń já sí wẹ́wẹ́, agbára wọn ń di ooru tí kò tó nǹkan. Àwọn tó kù ní yàrá ìwádìí pàtẹ́wọ́.

"O ṣe é!" Radim wí.

"Fún ta ni?" Květa bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan sọ fún yín pé iṣẹ́ kékeré lè dúró. Ẹlòmíràn lè máa fi ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un láyé dúró dè yín. Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n ní kí ẹ ṣe é.