Ohùn Bàbá Agogo Tó Ń Lọ Sílẹ̀

Ẹni tó bá wù ú lè pè é ní irọ́. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ó ṣì ń ránṣọ, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Bó ṣe rí gan-an ni n ó ṣe sọ ọ́. N kò ní fi iyọ̀ sí i, n kò sì ní bu ata lé e.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tó wá dàgbà tó di aránṣọ, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ ló ro ó. Ṣọ́ọ̀bù kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun àti àwọn aránṣọ mìíràn jọ ń lò. Ariwo maṣíìnì kì í dákẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, íapíìsì kì í kúrò létí Abẹ́rẹ́.

Kì í ṣe orin ló ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń gbọ́.

Káfíńtà ni bàbá náà, ìlú mìíràn ló sì ń gbé. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí fóònù láti gba ohùn sílẹ̀. Láràárọ̀, kó tó mú ayùn lọ́wọ́, yóò gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Àdúrà díẹ̀, àwàdà púpọ̀, àti ẹjọ́ àwọn aládùúgbò tí kò kàn án. Bàbá Agogo ni wọ́n ń pè é lágbègbè rẹ̀. Bó bá kí ènìyàn ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ń kọjá lójú títì ni yóò dáhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ki íapíìsì bọ etí, ó tẹ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ohùn náà lọ sílẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù títí ó fi dé òkè pátápátá. Ohùn náà kò kúrò níbi tó wà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn àárín.

"Fóònù mi ti ń darúgbó," ló sọ fún aránṣọ tó jókòó tì í.

"Ìdọ̀tí ló wà nínú ẹ̀," nìyẹn dáhùn. "Èérún owú ni. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Abẹ́rẹ́ fi ìtayín tọ́ ihò tí wọ́n ń ki íapíìsì bọ̀. Owú díẹ̀ jáde lóòótọ́. Ó fi aṣọ rírọ̀ nu ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ó pa fóònù, ó tún un tàn. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù kó má baà ba etí jẹ́, ó tú u sílẹ̀. Ó yá íapíìsì ẹlòmíràn, èyí tí kò ní wáyà rárá.

Ohùn bàbá rẹ̀ kò gòkè.

Ó wá ní kóun fi orin dán an wò. Orin náà bú sí i létí débi tó fi já íapíìsì yọ. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé adití lo fẹ́ dà ni?"

Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó padà sórí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni atúnfóònùṣe kan wà. Ó tú fóònù náà, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó dì í padà, ó sì gbọ́ orin oríṣiríṣi lórí rẹ̀.

"Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín."

"Ẹ gbọ́ èyí."

Ó gbọ́ ọ. Ó di etí kejì mú kó lè gbọ́ ọ dáadáa. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kò sọ ọ́ sókè. Ẹ ní kó sún mọ́ fóònù ẹ̀."

"Bàbá mi ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti tẹ́lẹ̀, nígbà náà."

Abẹ́rẹ́ wá èyí tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ra maṣíìnì ti ara rẹ̀. Bàbá náà kọrin nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ tagbáratagbára débi tí ohùn ń ya. Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́túngbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

Orin náà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Yàrá kejì yẹn náà ni. Ìlẹ̀kùn yẹn náà ni.

Atúnfóònùṣe yọ íapíìsì, ó wò ó. "Èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kì í yí padà," ló sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù náà padà. Kò wo ojú Abẹ́rẹ́ mọ́.

Abẹ́rẹ́ pe bàbá rẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, ọmọ mi. Ara mi le bí ọta."

Abẹ́rẹ́ ní láti dá èémí dúró kó tó gbọ́ ìyẹn. "Bàbá, ẹ sọ ọ́ sókè."

"Mò ń pariwo! Kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Gbogbo wa? Àwọn wo?"

"Gbogbo àdúgbò. Mo kí ìyá alákara... mo kí ìyá oníbúrẹ́dì láàárọ̀, ó kọjá lára mi. Ó ní òun kò gbọ́ mi. Èmi!"

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ẹnu géètì ló ti rí i ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ń kan férémù ìlẹ̀kùn. Ó gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ìṣó wọlé. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ìró òòlù kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló ti gbọ́ ọ. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó wo ojú títì, kó lè mọ ilé ẹni tí wọ́n ti ń kan nǹkan. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń kan nǹkan. Nígbà tó tún wo ẹ̀yìnkùlé, bàbá rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ìró náà sì ti dákẹ́.

Bàbá náà rí i, ó sáré dì mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gbọọrọ. Ohun tó dé etí Abẹ́rẹ́ kò ju èémí lọ.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tan iná sí ọ̀fun bàbá náà. Ó ní ó mọ́ tónítóní. Ó ki ohun èlò tó fi ń gbọ́ àyà bọ etí, ó gbé ẹnu ohun èlò náà lé àyà bàbá. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi ìka gbá a wò, ó tún kì í bọ etí.

"Àyà wọn ńkọ́, dókítà?"

Dókítà yọ ohun èlò náà létí. Ó di ọwọ́ bàbá mú níbi tí iṣan ti ń lù. "Ó ń lù," ló sọ. "Ó ń lù dáadáa." Ó ní kí wọ́n lọ máa lo oògùn ikọ́.

Abẹ́rẹ́ mú bàbá rẹ̀ wá sílé ara rẹ̀. Kí ni ọmọ ìbá tún ṣe?

Ibẹ̀ ló ti wá rí i pé kì í ṣe ohùn nìkan. Sálúbàtà bàbá kò ró nílẹ̀ mọ́. Ṣíbí rẹ̀ ń kan abọ́, kò sí ìró. Bó bá ti ìlẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ fún ènìyàn pé ìlẹ̀kùn ti padé. Lọ́pọ̀ ìgbà, Abẹ́rẹ́ yóò yí padà nídìí ààrò, yóò bá a lẹ́yìn òun gan-an, tó ti ń bá òun sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Bàbá náà ń gbọ́ gbogbo ayé. Ó sì ń gbọ́ ara rẹ̀. Ó fi ìdérí ìkòkò lu ìkòkò lọ́jọ́ kan láti fi hàn án, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ di etí. Abẹ́rẹ́ dúró níwájú rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Àárín wọn dákẹ́ bí inú kànga.

Fún ìgbà díẹ̀, íapíìsì nìkan ló ṣì ń mú ohùn rẹ̀. Bàbá yóò sọ̀rọ̀ sínú fóònù, Abẹ́rẹ́ yóò yí i dé òkè, yóò sì di ojú. Ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún. Ó dà bí ẹni ń ṣa ìrẹsì nínú iyanrìn. Nígbà tó yá, ìyẹn náà gbẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ètè bàbá rẹ̀. Ibi tó bá yé e, yóò dáhùn. Ibi tí kò bá yé e, yóò kàn mi orí, kí ọkàn àgbà náà má baà bàjẹ́. Bàbá sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Abẹ́rẹ́ bá a níbi tó ti ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ti wà ní yàrá kejì látìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè kan wọlé.

Ọ̀sán ni. Òjò ń rọ̀. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún àpótí ìjókòó kan kàn. Abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ etí aṣọ ní ìkọjú sí i. Nọ́ńbà tó pè é jẹ́ èyí tí kò mọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Abẹ́rẹ́?" Ohùn obìnrin ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wá mú bàbá yín kúrò nílé wa."

"Bàbá mi wà níwájú mi níbí."

"Àwa ò rí wọn," ni obìnrin náà sọ. "Ohùn wọn nìkan là ń gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, lára ògiri. Ní báyìí, àwọn ọmọ mi ò lè sùn mọ́. Bàbá yín ló ka nọ́ńbà yín fún wa. Àkàtúnkà ni wọ́n ń kà á."

Lóòótọ́, bàbá mọ nọ́ńbà náà lórí. Abẹ́rẹ́ ló fi kọ́ ọ bí orin, nítorí pé kò mọ̀wé.

"Níbo lẹ wà?"

Obìnrin náà dárúkọ ìlú kan. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ni obìnrin náà sọ.

Abẹ́rẹ́ sáré ki íapíìsì bọ etí. Ó gbọ́ òòlù.

Ó gbọ́ ọ ketekete, kò-kò-kò, bí ẹni pé àárín orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kàn án. Ó gbé ojú sókè. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ lọ sókè, ó wá sílẹ̀. Kò! Ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀. Kò! Ìró náà kò yẹ̀ lára ọwọ́ náà. Ayọ̀ fẹ́ gbé Abẹ́rẹ́ dìde. Kò tíì sọ nù! Ibì kan ló wà! Ó la ẹnu kó pe bàbá rẹ̀ kóun náà wá gbọ́.

Ohùn náà wá wọlé. Ohùn Bàbá Agogo gan-an, tó kún, tó ń dún wọnran.

"Abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ o! Ṣílẹ̀kùn fún mi. Òtútù ń mú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti dúró síta."

Abẹ́rẹ́ wo bàbá rẹ̀. Ìṣó ló há sáàárín ètè, bí àwọn káfíńtà ti í ṣe. Ẹnu náà padé mọ́ wọn pinpin.

"Bàbá?" ló sọ sínú fóònù. Ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

Òòlù dúró létí rẹ̀. Òòlù dúró níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, o gbọ́ mi! O ṣeun. O ṣeun. Abẹ́rẹ́, ta ni ẹ jọ wà nínú ilé yẹn?"

Ohùn náà tún pè é, ṣùgbọ́n ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó tún pè é, ó tún lọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, èékánná rẹ̀ ṣẹ́ sí i. Ó ti dé òkè tipẹ́. Kò sí ibi tí yóò tún gbé e gbà.

"Hẹ́lò?" ni obìnrin ọ̀hún ń sọ, láti ọ̀nà jíjìn, láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. "Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ yín mọ́..."

Ó wá ku òjò nìkan, lórí páànù.

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. Ó yọ àwọn ìṣó náà lẹ́nu, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí àpótí. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ni, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ètè rẹ̀, kò rí ẹyọ kan mú nínú rẹ̀.

Ó sọ ọ́ tán. Ó dúró, ó ń retí èsì.

Abẹ́rẹ́ mi orí.