Aránbàtà àti Kí-nìdí

Bàtà ẹsẹ̀ òsì ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti yanu, ó ń gbá eruku jẹ, síbẹ̀ ìwé ló ń kà bó ṣe ń rìn bọ̀. Ọmọbìnrin aránbàtà rí i látẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, bàtà yín ń jẹun o!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí ẹ̀rín yẹn, ó sì gbàgbé ibi tó kàwé dé. "Kí nìdí tó fi jẹ́ pé tòsì nìkan ló máa ń ya?"

"Òun lẹ fi ń gbá òkúta tẹ́ ẹ bá ń ronú."

Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ ọ́ fún un rí.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin náà ti ń pè é ní Kí-nìdí. Filọ́sọ́fì ló ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì òkè ọ̀nà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń wádìí ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́ta, ó ti kó gbogbo bàtà ilé rẹ̀ wá, ó tún kó tàbúrò rẹ̀ kún un. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé bàtà tó le koko kò nílò àtúnṣe, pé òun ló ń wá wò. Inú rẹ̀ dùn sí i, kò purọ́ fún ara rẹ̀.

"Abéèrè kì í ṣìnà," ló máa ń wí, "àfi tèmi tó ṣìnà wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, olówó orí mi?"

"Wọ́n ní kí n tó ta ko èèyàn, kí n kọ́kọ́ bá a ro ẹjọ́ rẹ̀, kó dáa ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè rò ó lọ."

"Nílé tiwa, ẹni tóhùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń jàre."

Ọjọ́ tí Kí-nìdí wá tọrọ ọmọbìnrin náà fún aya, aránbàtà ju òòlù sílẹ̀.

"Rárá o! Ṣé èrò lẹ fẹ́ máa sè jẹ ni?"

"Bàbá!" ni ọmọ rẹ̀ ké.

Kí-nìdí jókòó sórí àpótí. "Ẹ jẹ́ n bá yín ro ẹjọ́ yín, sà. Tí mo bá ṣì í rò, ẹ lé mi."

Aránbàtà ká apá lé àyà.

"Àkọ́kọ́, ẹni tó kọ́ bàtà ń rán bàtà. Ẹni tó kọ́ èrò, kí ló ń rán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ìkejì, ẹni tó lè gbèjà ọ̀rọ̀ láàárọ̀, kó gbèjà òdìkejì rẹ̀ lọ́sàn-án, ó lè fẹnu fẹ́ ìyàwó lónìí, kó fẹnu náà kọ̀ ọ́ lọ́la."

"Háà! Mi ò tiẹ̀ ronú débẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà gbá orí mú. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ti ara rẹ̀ jẹ́ báyìí?

Ohùn Kí-nìdí wá rọlẹ̀. "Ìkẹta lẹ ò ní sọ. Àtàǹpàkò lẹ fi ń wá ojú rírán. Ẹ ní torí kó lè kọ́ṣẹ́ lọmọ yín ṣe ń bá yín ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú yín ló ń di bàìbàì. Tó bá lọ, ta ni yóò kù pẹ̀lú yín?"

Ọmọbìnrin náà wo bàbá rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ki òwú yẹn, kò mọ̀ pé ojú ló ń dun bàbá òun.

"O rò ó dáadáa," ni aránbàtà wí. "Wá dá ẹjọ́ náà lóhùn."

"Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ti gbà mí síṣẹ́, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ronú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yìí ṣófo, a lè máa gbé ibẹ̀. Ti ìkejì..." Ó mi orí. "Mi ò ní èsì, sà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dáhùn ìyẹn."

"Èmi ní èsì," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bàbá, irọ́ kékeré kan péré ni ì bá pa kẹ́ ẹ lè gbà fún un. Kò pa á."

Aránbàtà nu ojú. Ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí Kí-nìdí. Kí-nìdí tàsé lẹ́ẹ̀kíní, ó tàsé lẹ́ẹ̀kejì, olólùfẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òwú wọlé.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Bọ́ tòsì yẹn wá. Àna mi ò ní wọ bàtà tó yanu lọ síbi ìgbéyàwó."